Ajílẹ̀ Tó Dé Òkun

Ní 1985 ni Nancy Rabalais, onímọ̀ nípa òkun, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wọn ọ́síjìn ìsàlẹ̀ òkun níbi tí odò Mississippi ti ń wọ òkun, ní Amẹ́ríkà. Ajílẹ̀ oko àgbàdo ni òjò ń gbá sódò. Ewéko wẹ́wẹ́ inú òkun á jẹ ẹ́, á pọ̀ yanturu, á kú, á rì; bó ṣe ń jẹrà ló ń gba ọ́síjìn tán. Ẹja á sá. Ohun tí kò lè sá á kú síbẹ̀. Ní 2017, ibẹ̀ ju 22,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ!

Àgbẹ̀ yẹn lè má fojú rí òkun rí, kò sì ṣèkà. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ aládùúgbò tí à ń kà nínú ẹ̀sìn wa, lójú tèmi, ó dé ọ̀dọ̀ apẹja Louisiana tó ń rìn jìnnà kó tó rí edé.