Ìdí tí Eré Bọ́ọ̀lù Orí Kọ̀ǹpútà Fi Ṣọ̀wọ́n ní Ìsọ̀ Kékeré

Ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi Kérésìmesì, àkọ́bí mi ọkùnrin bẹ̀ mí pé kí n ra eré bọ́ọ̀lù kan fún òun sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tí ó mọ̀ nípa géèmù. Ayò ni mo mọ̀ ọ́n ta, bàbá mi ni ó sì kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣe dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀, mo sì ti ṣe ìlérí fún un. N kò fẹ́ kí ó máa wò mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ṣe ìlérí asán.

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, mo ti ra irú eré bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Owó ti jáde tán kí a tó mọ̀ pé eré náà kò ní ṣí àfi bí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ kàn sí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà tí mo rò pé yóò tó wa fún oṣù kan tán ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ náà wá jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ó máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, ni ó júwe ìsọ̀ kékeré kan fún mi. GOG ni orúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn ọjà ibẹ̀ kò ní àgádágodo lára: bí ènìyàn bá ti san owó, tí ó sì gbé eré sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, kí ó sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn. Èmi àti ọmọ jókòó, a wọ ìsọ̀ náà lọ. A rí Fallout ti ọdún 1997, a rí Baldur's Gate ti ọdún 1998, a rí Heroes of Might and Magic III ti ọdún 1999. Àwọn eré tí ènìyàn ti ń gbé ẹ̀dá akọni kan wọ̀, tí ó ń wọ inú igbó àti ihò lọ bí àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà, pọ̀ lọ súà. Eré ọgbọ́n ogun pọ̀. Eré àdììtú pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tẹ ‘football’, ohun tí ó jáde kò tó nǹkan. Èyí tí ó gba àfiyèsí mi níbẹ̀ ni Sensible World of Soccer 96/97, eré tí àwọn ènìyàn ti ń gbá tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí i.

Ó wò mí, ó ní, “Dádì, ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbàlagbà lẹ mú mi wá yìí o.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni ó fà á. Ẹni tí ó bá ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀yà lítíréṣọ̀ fún ọdún pípẹ́ yóò ti mọ̀ pé bí ẹ̀yà kan bá pọ̀ níbì kan tí òmíràn sì ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe ìfẹ́ òǹkàwé nìkan ni ó fà á. Ìwé eré-onítàn tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò ni olóòtẹ̀wé ń sáré tẹ̀. Àkójọ ewì tí kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́ a máa di àwátì, bí ó ti wù kí ewì inú rẹ̀ dùn tó. Mo ní kí n wá ìdí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò.

Ìlú Warsaw ní orílẹ̀-èdè Pólándì ni ọ̀rọ̀ ìsọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, Marcin Iwiński àti Michał Kiciński, tí wọ́n ti ń ta géèmù ní ọjà gbangba, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ CD Projekt sílẹ̀ ní ọdún 1994. Ayédèrú ni ó kún ọjà Pólándì nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti kún ọjà àwo tiwa náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n túmọ̀ eré sí èdè ìlú wọn, wọ́n sì fi ìwé àlàyé àti páálí tí ó wuyì kún un, kí ẹni tí ó bá rà á lè rí ohun tí ayédèrú kò lè fún un. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ìsọ̀ kan tí wọ́n pè ní Good Old Games, ìyẹn ni pé eré àtijọ́ tí ó dára. Àwọn eré Interplay àti ti Codemasters ni wọ́n kọ́kọ́ kó sórí àtẹ. Ní ọdún 2012, wọ́n gé orúkọ náà kúrú sí GOG, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré tuntun mọ́ ti àtijọ́. Ìlérí wọn kò yí padà: kò sí àgádágodo. Steam, ilé ìtajà ńlá tí ilé-iṣẹ́ Valve dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003, kò fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ de ara rẹ̀.

Lójú tèmi, ìlérí yìí gan-an ni ó ti bọ́ọ̀lù síta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo eré kan tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. System Shock 2 jáde ní ọdún 1999. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kógbá sílé, ẹ̀tọ́ orí eré náà sì bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: adójútòfò ni ó wá di onígéèmù! Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò fi rí eré náà rà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stephen Kick ni ó tọpa ẹ̀tọ́ yìí, tí ó bá wọn dúnàá-dúrà, tí eré náà fi dé orí àtẹ GOG ní oṣù kejì ọdún 2013. Iṣẹ́ kékeré kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó lópin ni, nítorí pé àwọn ẹ̀dá inú eré náà kò ní ìyá, wọn kò ní bàbá lẹ́yìn ẹni tí ó kọ ọ́. Bí a bá ti kan ilẹ̀kùn onílé, tí ó dáhùn, ó parí.

Bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ líìgì ní ẹni tí ó ni ín. Àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ẹni tí ó ni ín. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù ní olówó tirẹ̀, àjọ wọn tí à ń pè ní FIFPRO ni ó sì ń ṣojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Jẹ́sí, pápá ìṣeré, orin tí ń dún kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n yá, wọ́n sì yá wọn fún iye ọdún kan pàtó. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dàgbà sí ilé géèmù àdúgbò yóò rántí PES, eré bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ Konami ti Japan. Nínú àwọn ẹ̀dà kan, Arsenal kò sí níbẹ̀. ‘North London’ ni wọ́n ń pè é. Manchester City di ‘Man Blue’. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé àṣìkọ ni. Kì í ṣe àṣìkọ rárá. Wọn kò rí ìyọ̀ǹda gbà ni.

Ẹni tí ó sì rí ìyọ̀ǹda gbà, ọjọ́ ń lọ fún un. Láti ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ Electronic Arts ti ń lo orúkọ FIFA. Èyí tí ó kẹ́yìn, FIFA 23, jáde ní ọdún 2022. Àdéhùn parí, eré wọn sì gba orúkọ mìíràn ní ọdún 2023. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n kó àwọn FIFA àtijọ́ kúrò lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí eré ìdíje mọ́tò tí ń jẹ́ Forza Horizon 4. Ọdún 2018 ni ó jáde. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2024, wọn kò tà á mọ́, nítorí pé àkókò ìyọ̀ǹda àwọn ohun àyálò inú rẹ̀ ti pé. Orin nìkan tó láti fa irú èyí. Ní ọdún 2017, Alan Wake kúrò lórí àtẹ nítorí orin inú rẹ̀. Ọdún 2018 ni ó tó padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni pé kò sí àkókò kan nínú ayé eré bọ́ọ̀lù tí ó bá ìsọ̀ kékeré yìí mu. Nígbà tí ó jẹ́ tuntun, olówó rẹ̀ kò ní fẹ́ yọ àgádágodo lára rẹ̀. Nígbà tí ó bá di àtijọ́, tí ó yẹ kí ìsọ̀ eré àtijọ́ lè tà á, ìyọ̀ǹda ti tán. Ẹni tí ó háyà yàrá kò lè ta ilé.

Ohun kejì ni ibi tí eré ń gbé. Púpọ̀ nínú eré òde òní kò gbé inú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó rà á. Inú kọ̀ǹpútà àgbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń darí wọn láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ náà ni owó ńlá ti ń wọlé nínú eré bọ́ọ̀lù, níbi tí ọmọ ti ń ra káàdì agbábọ́ọ̀lù kó jọ, tí ó sì ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí figa gbága. Bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà àgbà náà, ó tán nìyẹn. The Crew, eré mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2014, kò ṣeé ṣe mọ́ láti òpin oṣù kẹta ọdún 2024, títí kan ẹni tí ó fi owó rẹ̀ rà á. GOG gan-an ti fẹsẹ̀ kọ lórí èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n gbé Hitman ti ọdún 2016 sórí àtẹ. Àwọn oníbàárà rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ìsọ̀ náà sì kó o nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Mo gbóríyìn fún wọn. Oníṣòwò tí ó lè kó ọjà nílẹ̀ nítorí ìlérí kò wọ́pọ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni rò pé ìsọ̀ kékeré kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Láti ọdún 2017 ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọgọ́rùn-ún dọ́là ti lè kó eré rẹ̀ lọ sí Steam. Ní GOG, àwọn kan ni wọ́n ń jókòó yàn án, wọn a sì máa ṣì í yàn. Ní ọdún 2017 kan náà, wọ́n kọ́kọ́ kọ Opus Magnum, eré àdììtú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn, kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Àwa tí a ń yan ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní sáà tí ó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ẹ̀ka wa gbèrò láti fi àlọ́ Ìjàpá ṣe géèmù kékeré fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi orin jùjú tí gbogbo ayé mọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó dùn gan-an. Bí n kò bá tíì wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé Ìjàpá kò ní olówó, Yánníbo kò ní olówó, ṣùgbọ́n orin yẹn ní, àti pé ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá dé, Ìjàpá ni yóò ru ẹrù náà kúrò lórí àtẹ. Ojú wọn fà ro. Ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ìlù lù ti ń lu òmíràn dípò rẹ̀ báyìí.

Mo sọ ohun tí mo rí fún ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní London fi káàdì rẹ̀ bá mi ra Sensible World of Soccer. Ọmọ náà kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ rí bí èèrà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ kan tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo gbọ́ tí ó ń pariwo “Góòlù!” nínú yàrá. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fíláàṣì tí mo ń kó àwọn àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi sí. Ó ní kí n bá òun fi eré bọ́ọ̀lù ti èṣín sí ibẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó ní orúkọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òun fẹ́ràn. Mo ní ìyẹn kò ṣeé kó pa mọ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Dádì, ẹ jẹ́ kí n máa gbá a báyìí tó ṣì wà.”

Mo fún un ní owó dátà.