Ìpasẹ̀ Lórí Ẹrẹ̀

Òkú ẹran ni mo fi kọ́ àwòrán yíyà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọdẹ agboolé wa ní Fìdítì. Bó bá pa awọ́nríwọ́n létí odò, ẹ̀bá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ la ti máa ń so ó kọ́ sórí igi, kí àwọn onímọ́tò lè rí i rà. Èmi ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Kí oníbàárà tó dé, mo ti fi pẹ́ńsù ya orí, mo ti ya ìrù, mo ti ka ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. N kò rí ọ̀kan tó ń rìn rí.

Gbogbo ènìyàn ló ń yìn mí. Olùkọ́ wa kan ló wo ìwé mi títí, ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti kú." Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Òun ló mú wa lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ní 1974, ọdún tó di ọgbà ẹranko gidi. Láti 1948 ni wọ́n ti ń sin ẹranko díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ọ̀nì ni mo dúró tì títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ó pa ẹnu dé, síbẹ̀ ehín kẹrin ìsàlẹ̀ yọ síta. Ọmọ ìka márùn-ún ló wà níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Òkú lè fi ìyẹn hàn mí. Ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́ kan kọjá lójú rẹ̀, ìhà rẹ̀ wú, ó sì rọlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ rìn, ó gbé ikùn kúrò nílẹ̀ pátápátá! Ikùn tí mo ti ń yà mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí.

Mo délé, mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dání lọ sódò, ẹ má yìnbọn." Ó ní, "Kí la ó wá jẹ?" Ìbéèrè gidi ni, ilé kún fún ọmọ. Mo fún un ní àádọ́ta kọ́bọ̀ tí mo rí níbi ọsàn tí mo tà. Ó gbà á.

Ọ̀gán kan létí odò ló mú mi lọ wò. Ó ní inú rẹ̀ ni abo awọ́nríwọ́n ń gbẹ́ ihò yé ẹyin sí; ikán á tún un dí, ẹyin á móoru, òjò á sì mú ilé ikán rọ̀ kí ọmọ tó jáde. Ó ti mọ èyí láti kékeré, kò sẹ́ni tó bi í rí.

Nígbà tí mo di tíṣà ní Ìlọrà, ohun tó kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo tún ń mú wọn lọ wo àwọn afíngbá Ọ̀yọ́, kí wọ́n rí bí ìlà kan ṣoṣo ṣe ń di alángbá lára igbá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 lórí ẹranko tó fẹ́ run dárúkọ ọ̀nì, ṣùgbọ́n ẹran ṣì ń rọ̀ létí títì. Ó dùn mí gan-an. Ní 2011 ni àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rí DNA fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìran ọ̀tọ̀ ni ọ̀nì ti wa sí ti odò Náílì. Ẹ wo ohun tí à bá ti jẹ tán ká tó mọ̀ ọ́n!

Mo lọ sí odò náà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gán yẹn ti wó. Lórí ẹrẹ̀, mo rí ibi tí ìrù wọ́ gba, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, èékánná lọ́tùn-ún, èékánná lósì. Mo wá òkúta jókòó lé, mo sì yà á.