Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde, bàbá mi ní kí n ya fídíò Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe ń ki oríkì ilé wa. Àǹtí mi tó wà ní London ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un, kí àwọn ọmọ wọn lè máa gbọ́ ọ. Fídíò méje ni mo yà. Ó wá ku kí n sọ wọ́n di ẹyọ kan.

Ètò tí àwọn oníṣẹ́ sinimá ń lò ni mo kọ́kọ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. RAM kọ̀ǹpútà náà kò ju 4GB lọ. Ẹrù náà wúwo jù fún un, ńṣe ló dákú.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo lọ mú Shotcut, tí a kì í sanwó fún. Ìgbà ìsinmi nìkan ni mo ń ráyè ṣe fídíò, n kò sì fẹ́ ètò tí màá ti gbàgbé kí sáà tó parí. Nǹkan mẹ́rin péré ni mo kọ́: bí a ṣe ń gé fídíò, bí a ṣe ń so ó pọ̀, bí a ṣe ń mú ohùn lọ sókè, àti bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ tó parí di fídíò tí fóònù lè gbé. Mo kọ wọ́n sínú ìwé.

Lẹ́tà S ni a ń tẹ̀ láti gé e. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, gígé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Mo gé ikọ́ Ìyá Àgbà, mo gé gbogbo ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá di mẹ́fà. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé e lọ fún wọn.

Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ní ń lé mi?"

N kò rí èsì fọ̀.

"Níbi tí mo ti dákẹ́ yẹn, orúkọ bàbá mi ni mo fẹ́ pè. Ṣé eré ni mo máa fi pè é ni?"

Irú ètò yìí kì í fọwọ́ kan ojúlówó fídíò. Ibi tí a ní kó gé nìkan ló ń rántí. Díẹ̀ ló sì kù kí n ti pa fídíò méjèèje rẹ́, kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà! Ọpẹ́ ni pé n kò tíì ṣe é. Mo dá gbogbo ìdákẹ́jẹ́ náà padà.

Nígbà tí àǹtí mi wò ó, wọ́n ní ibi tí Ìyá Àgbà ti dákẹ́ gan-an ni omi ti bọ́ lójú àwọn.

Mo ti kọ ohun karùn-ún sábẹ́ mẹ́rin tó wà nínú ìwé mi: kí n tó gé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ bi í.