Òǹtẹ̀ Lẹ́tà Tí Ó Dorí Kodò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó òǹtẹ̀ lẹ́tà jọ, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní timbre. Èyí tí wọ́n ṣì tẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, àti èyí tí wọ́n fi dán iṣẹ́ wò. Ẹ lè bi mí pé, kí ni èèyàn ń fi ohun tí ó ní àbùkù ṣe? Ẹ gbọ́ bí ó ti rí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Mathieu Kérékou yí orúkọ ilẹ̀ wa padà láti Dahomey sí Bénin. Òǹtẹ̀ Dahomey ṣì kù nílẹ̀. Wọn kò dà á nù. Wọ́n dá a padà sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì tẹ orúkọ tuntun lé e. Nígbà mìíràn wọ́n tún pààrọ̀ iye owó rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ìwé bọ ẹ̀rọ ní òdì, orúkọ tuntun yóò dorí kodò. Bí ìwé bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ yóò di méjì. Irú èyí kì í pọ̀, nítorí náà ni ó ṣe níye lórí.

Ti ìdánwò ńkọ́? Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti tẹ púpọ̀ nínú òǹtẹ̀ Dahomey. Wọ́n a kọ́kọ́ tẹ díẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi, kí wọ́n lè yan èyí tí ó dára. Àwọn yẹn kì í ní eyín wẹ́wẹ́ létí.

Ní Amẹ́ríkà, àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kó jọ. Ní ọdún 1909, wọ́n tẹ àwòrán Sherry Magee láti fi sínú páálí sìgá, ṣùgbọ́n Magie ni wọ́n kọ. Wọ́n tètè tún un ṣe. Lónìí, èyí tí wọ́n ṣì kọ wọ́n ju èyí tí ó tọ̀nà lọ fíìfíì. Ẹ ò rí i? Lẹ́tà kan ṣoṣo!

Ìyá kan wà ní Towé níbí tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Oníṣòwò kan fẹ́ gé òǹtẹ̀ ara àwọn lẹ́tà ọkọ rẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì. Mo ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ó gé e." Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń tẹ orúkọ tuntun sórí òǹtẹ̀ àtijọ́ láti fi lu jìbìtì. Èdìdì ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó wà lórí àpò lẹ́tà ni ẹlẹ́rìí. Bí a bá gé òǹtẹ̀ kúrò, ẹlẹ́rìí ti lọ nìyẹn.

Ìyá náà ní òun kò ní tà á títí òun yóò fi fúnra òun ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kíláàsì wa ni ó ń wá. Ó kà á díẹ̀díẹ̀ títí a fi kórè àgbàdo. Nínú lẹ́tà kan, ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti san owó ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé tán, ó sì dárúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn sì ni àwọn ẹbí ń bá a fà nígbà náà. Wọ́n pe àwọn ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ sì parí.

Nítorí náà, ẹ má fi ìwé àtijọ́ dáná, ẹ má sì fi di àkàrà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò àti ikán kò lè dé. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo iye owó, ẹ wo ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka inú rẹ̀ kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.