Ìdajì Mítà

Owó lẹ́ǹsì kan ló wà lọ́wọ́ mi, méjì ló sì ń fà mí lọ́kàn. Kámẹ́rà mi ni Leica M10, èyí tí ilé-iṣẹ́ Leica ní ìlú Wetzlar ní Jámánì gbé jáde ní 2017. Àlòkù ni mo rà á. Lẹ́ǹsì 50 mìlímítà ló bá a wá. Kò sí àlèébù lára rẹ̀ bó bá jẹ́ ojú ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́ yà, ṣùgbọ́n ìnáwó ilé Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ẹnì kan. Ẹbí ń wọlé, àna ń wọlé, ará àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Mo nílò lẹ́ǹsì olójú fífẹ̀, àwọn méjì tí mo sì ń wò ni Elmarit-M 28 mìlímítà àti Super-Elmar-M 21 mìlímítà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù ní méjèèjì. Nígbà tó wálé, ó yá mi ní méjèèjì kí n lè fi wọ́n ṣiṣẹ́ kí n tó náwó.

Rangefinder ni M10, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò wa ń gbé kọ́rùn lóde ìnáwó. Nínú tiwọn, inú lẹ́ǹsì gan-an ni ojú ń gbà wo òde. Nínú rangefinder, fèrèsé kékeré kan wà lókè kámẹ́rà, ibẹ̀ lèèyàn ń gbà wòran, lẹ́ǹsì sì ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín fèrèsé náà, ohun tí à ń wò á pín sí méjì. Bí a bá yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì fi di ọ̀kan, fókọ́ọ̀sì ti jókòó nìyẹn. Ìlà funfun tó tàn nínú fèrèsé ló ń sọ ibi tí fọ́tò máa mọ. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ojú ń rí ẹ̀yìn ìlà náà. Ìyá àgbà tó ń gbé àwo oyin bọ̀ láti ìdáná, mo ti rí wọn kí wọ́n tó wọ inú fọ́tò.

Lára ìlà yìí ni ìyàtọ̀ lẹ́ǹsì méjèèjì ti kọ́kọ́ hàn. Èyí tó fẹ̀ jù nínú àwọn ìlà M10 ni ti 28. Ó sún mọ́ etí fèrèsé débi pé ẹni tó ń lo awò ojú gbọ́dọ̀ tẹ awò mọ́ gíláàsì, kó sì máa yí ẹyinjú kó tó rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Síbẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ti 21 kò sí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti ra fèrèsé àfikún, kó fi í sórí kámẹ́rà, kó mú fókọ́ọ̀sì nínú fèrèsé àkọ́kọ́, kó wá gbé ojú lọ sínú èkejì kó tó mọ ohun tó fẹ́ yà. Sìkíríìnì ẹ̀yìn M10 náà lè fi hàn án, ṣùgbọ́n bí mo bá na kámẹ́rà síwájú tí mo sì ń wo sìkíríìnì, kí ni mo wá ra rangefinder sí?

Ẹni tó bá ti bá iṣẹ́ yìí bọ̀ tipẹ́ á sọ pé 21 ti ṣe iṣẹ́ 28 rí, òótọ́ ló sì sọ. Rangefinder oní-díjítà àkọ́kọ́, Epson R-D1, jáde ní 2004. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí ojú fíìmù, gbogbo lẹ́ǹsì tí a bá kì bọ̀ ọ́ ló ń pàdánù lára fífẹ̀ rẹ̀. Leica M8 tẹ̀ lé e ní 2006, ó fi ìlọ́po 1.33 dín ojú lẹ́ǹsì kù. Ẹ fi 1.33 sọ 21 di púpọ̀, ẹ óò rí 28. Ẹni tó fẹ́ ojú 28 lórí M8, 21 ló gbọ́dọ̀ rà. Nígbà tí M9 dé ní 2009 pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tó tó ojú fíìmù, mìlímítà 24 sí 36, lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan padà sí ààyè rẹ̀.

Fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ náà mú ìṣòro mìíràn dání. Ìdí lẹ́ǹsì olójú fífẹ̀ sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí igun sì ń dà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Igun fọ́tò á ṣókùnkùn, etí rẹ̀ á sì pọ́n nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí Leica fi ń fi àmì kéékèèké mẹ́fà, dúdú àti funfun, sí ìdí lẹ́ǹsì rẹ̀. Kámẹ́rà á kà á, á mọ lẹ́ǹsì tó wà lórí òun, á sì tún igun ṣe. Lẹ́ǹsì méjèèjì tí mo yá ní àmì yìí. Wọ́n mú fọ́tò dáadáa, àwọ̀ wọn sì mọ́. Bó bá ṣe ti ìmọ́lẹ̀ àti gíláàsì ni, ǹ bá ju owó ẹyọ sókè láti yan ọ̀kan.

Ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró sí ni mo rí ohun tó yà wọ́n. Bí mo bá dúró ní mítà 2 sí ohun tí mo fẹ́ yà, 28 á mú nǹkan bíi mítà 2.5 nínú ìbú yàrá, 21 á mú nǹkan bíi 3.4. Bí mo bá wá fẹ́ kí ènìyàn tóbi nínú fọ́tò 21 bó ṣe tóbi nínú ti 28, mo ní láti kúrò ní mítà 2, kí n sún dé mítà 1.5. Ìdajì mítà péré ni. Lórí ìwé, kò tó nǹkan.

Mo gbé méjèèjì lọ síbi ìkómọ kan ní Ṣómólú, nínú pálọ̀ tí wọ́n ti ti àga mọ́ ògiri kí èrò lè gbà. Àwo wà lórí tábìlì: oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó, ataare. Mo kọ́kọ́ fi 28 dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láàárín àwọn àlejò. Nígbà tí bàbá àgbà ki ìka bọ oyin, tí wọ́n fi kan ètè ọmọ, mo rí ìka wọn tó ń dán, ètè ọmọ tó ń wá ohun tó fẹ́ lá, àti ojú ìyá ọmọ tó ń wo méjèèjì. Kò sẹ́ni tó yíjú sí mi. Nígbà tó kan iyọ̀, mo ki 21 bọ kámẹ́rà. Láti ẹnu ilẹ̀kùn, gbogbo yàrá wọlé: fáànù òkè, kàlẹ́ńdà ara ògiri, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé lábẹ́ tábìlì, ọmọ tuntun tí a torí rẹ̀ pé jọ kò wá ju ọwọ́ lọ. Mo sún síwájú títí ọmọ fi tóbi tó. Nígbà náà, ìgbọ̀nwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fìlà bàbá àgbà, ìyá ìyàwó sì ní láti fà sẹ́yìn kí wọ́n tó rí ọmọ-ọmọ wọn.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣí fọ́tò 21 wọ̀nyẹn wò lórí kọ̀ǹpútà nílé tún yàtọ̀. Gèlè ìyá ìyàwó, tí wọ́n we tó dúró sán-ún, ti nà jáde sí ẹ̀gbẹ́. Orí ọmọ kékeré mìíràn tí wọ́n gbé sẹ́sẹ̀ létí fọ́tò gùn gbọọrọ. Kì í ṣe pé lẹ́ǹsì náà ní àbùkù. Ìlà ògiri tọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe tọ́ nínú yàrá. Bí a bá ti ń tẹ́ ayé tó yí wa ká sórí ohun pẹlẹbẹ, ohun roboto tó bá bọ́ sí etí gbọ́dọ̀ nà. Ní igun fọ́tò gan-an, gígùn orí tó rí roboto á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ju ìbú rẹ̀ lọ pẹ̀lú 28. Pẹ̀lú 21, á ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Onífọ́tò náà jẹ́ àgbà níbi tó bá gbé kámẹ́rà sí, ìtọ́jú orí àwọn tó wà nínú fọ́tò sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mi ò ní tìtorí èyí bu 21 kù. Mo gbé e lọ sí Erékùṣù Èkó, mo dúró síwájú Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé. Àyè àtifà sẹ́yìn kò sí níbẹ̀, ọjà àti èrò ti gba òpópónà. Pẹ̀lú 28, mo ní láti gé òkè mọ́ṣáláṣí tàbí kí n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 21 gbà á tán, ó tún mú díẹ̀ lára ojú ọ̀run. Bí mo bá sì fi í sí f/8, tí mo gbé fókọ́ọ̀sì sí nǹkan bíi mítà 1.8, gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò tó mítà kan dé ibi tí ojú mọ ló máa ń mọ́ kedere; 28 kò lè bẹ̀rẹ̀ kó tó dé nǹkan bíi mítà 1.6. Ẹni tó ń ya ilé kó ra 21 láìṣiyèméjì. Ilé kì í sọ pé o ti sún mọ́ òun jù.

Ènìyàn ni mo ń yà ní tèmi, ènìyàn sì ní ààyè. Nílé wa, a mọ ẹni tó lè jókòó ti àgbà, a mọ ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àgbà nílò ilẹ̀ tó gùn tó ara rẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dín ní mítà 2. Ilẹ̀ yẹn náà ni 28 fi sáàárín èmi àti bàbá àgbà. Ní mítà 1.5, ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ á fi orí sọ ẹsẹ̀ wọn. Ó sì wú mi lórí pé ní M10, àwọn tó ṣe é ní Wetzlar wọn ìlà inú fèrèsé náà kó bá ohun tó wà ní mítà 2 mu régí.

Mo mọ̀ pé lẹ́ǹsì kò ní ìwà fúnra rẹ̀. Onífọ́tò Garry Winogrand fi Leica M4 àti lẹ́ǹsì 28 rin òpópónà New York, ó ń ko àwọn tí kò mọ̀ rí lójú, kò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ya ilẹ̀ Yorùbá tí ọkàn mi fi balẹ̀ kò tilẹ̀ lo lẹ́ǹsì fífẹ̀. Pierre Fatumbi Verger lo Rolleiflex. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó fi Berlin ṣe ilé, Rolleiflex náà ló ń gbé rin Èkó. Lẹ́ǹsì ara irú Rolleiflex bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń yọ pààrọ̀. Àyà tàbí ikùn la sì ń gbé e sí, tí a ń tẹ orí ba wò ó. Ẹni tí wọ́n ń yà ń rí ojú ẹni tó ń yà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì fi kámẹ́rà bojú bíi tèmi gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn bọ̀wọ̀ fúnni. Ọ̀nà tèmi ni ibi tí mo bá dúró sí.

Mo dá 21 padà fún ọ̀rẹ́ mi, mo sì ra 28. Ó fúyẹ́, kò tó 200 gíráàmù, nígbà tí èkejì ń lọ sí 280. Kò gba fèrèsé àfikún. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti èkejì. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo torí rẹ̀ rà á.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń bi mí ní lẹ́ǹsì tí wọn ì bá rà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sóde láìgbé kámẹ́rà. Kí wọ́n kíyè sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń dúró sí nígbà tí ara ti àwọn tó pè wọ́n balẹ̀, kí wọ́n wọn ilẹ̀ tó wà láàárín, kí wọ́n wá ra lẹ́ǹsì tó bá ilẹ̀ náà mu. Bó bá jẹ́ mítà 2 ni wọ́n gbà wá láyè dé, kí lẹ́ǹsì wa mọ mítà 2. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí lẹ́ǹsì tó lè bá a rà á. Kó kọ́kọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè pé kó máa bọ̀.