Mo Háyà Alùpùpù Lọ sí Òkè Àdó

Ohun tí ojú mi rí ní Òkè-Ògùn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀dàn, ebè àti oríṣiríṣi ìkíni tí ó wà fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, inú ọkọ̀ ni mo máa ń sùn sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, mo lọ ra ẹtù ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí aṣọ òfì. Mo bẹ ahunṣọ kan kí ó fi alùpùpù rẹ̀ háyà fún mi ní ọjọ́ kan. Ó wò mí tìfura-tìfura, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n gùn?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n gùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé inú ọgbà ilé ìwé nìkan ni mo ti gùn ún rí.

Mo dé akoto, mo kọjú sí Àdó-Àwáyè. Ara mi ń gbọ̀n. Bí mo bá ti fẹ́ yí jíà, ẹ́ńjìnnì á kú. Nígbà tí ó yá, ọkàn mi balẹ̀. Mo gbọ́ òórùn koríko gbígbẹ, mo rí ebè iṣu tí ó tò lọ bẹẹrẹ, mo sì rí àwọn àpáta tí ó dá dúró láàárín ọ̀dàn. Inselberg, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì, ni àwọn onímọ̀ ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkè erékùṣù. Bí erékùṣù ni wọ́n rí lóòótọ́, koríko sì ni òkun wọn.

Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni ṣéènì ti já bọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ń kọ ebè nítòsí. Mo ní, “Ẹ káàsán o, bàbá.” Bàbá kò dáhùn. Ó nà dúró, ó sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka èdè Oǹkò, pé, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbẹ̀ ní ìlú tèmi nìyẹn? Ojú tì mí púpọ̀. Èmi tí mo ń kọ “Àrokobọ́dúndé” sí ara pátákó ìkọ̀wé lọ́dọọdún! Síbẹ̀, bàbá bá mi fi ṣéènì náà sí ipò rẹ̀.

Mo gun Òkè Àdó, mo fojú ara mi rí Ìyákẹ́, adágún omi tí ó wà lórí àpáta. Àwọn ará ibẹ̀ ní kì í gbẹ, bí ẹ̀ẹ̀rùn ti wù kí ó mú tó.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, bàbá ṣì wà nínú oko. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. “Àrokobọ́dúndé o, bàbá!” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àṣẹ o, ọmọ mi!” Ó fi okùn so iṣu méjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù fún mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, àdúrà ni ìkíni yẹn: kí àgbẹ̀ máa ro oko títí ọdún yóò fi yí dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi kí ẹnikẹ́ni.