Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ Lórí Ẹ̀rọ

Àríyànjiyàn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó yẹ kí gbogbo yín gbọ́. Ta ni yóò ṣojú wa nínú Street Fighter 6, eré ìjà orí ẹ̀rọ, nígbà tí a bá pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gánà? Ẹni méjì ni a ń wò. Ọ̀kan ti dé ipò Master; èkejì ṣì wà ní Diamond, nítorí iṣẹ́ alẹ́ kì í jẹ́ kí ó ráyè. Bẹ́ẹ̀, nínú yàrá wa níhìn-ín, Diamond a máa lu Master bí ẹni ń lu bàtá. Ohun tí ó dùn wá ni pé ó ti ń sọ pé òun yóò yọwọ́, nítorí àwọn kan ń pè é ní ọ̀pẹ.

Nídìí ayò, ọ̀rọ̀ yìí kò le: ẹni tí ó pa ẹnìkejì ni ọ̀ta, ẹni tí a pa ni ọ̀pẹ. Eré yìí, tí ó jáde ní 2023, ní ìpele mẹ́jọ. Láti Rookie ni a ti ń gòkè. Ẹni tí ó bá kó àmì 25,000 jọ di Master. Ṣùgbọ́n ní Rookie, ẹni tí wọ́n nà kì í pàdánù àmì kankan. Ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀, ẹni tí ó borí léraléra tún ń gba èènì. Nítorí náà àmì yẹn ń sọ bí ènìyàn ṣe mọ ìjà tó, ó sì ń sọ iye òru tí ó fi jókòó. Ìpele akọni kọ̀ọ̀kan sì dá yàtọ̀: ẹni tí ó fi Ken di Master lè jẹ́ ọmọdé nídìí Chun-Li.

Ní ipò Master ni ìṣirò gidi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fún ènìyàn ní òǹkà mìíràn láti 1500, tí ó jọ ìṣirò Arpad Elo, olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Milwaukee, tí ẹgbẹ́ eré chess Amẹ́ríkà gbà ní 1960, tí àjọ àgbáyé sì gbà ní 1970. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni Elo ti ń béèrè pé, nínú ìjà 11, mélòó ni lágbájá yóò borí? Bí ó bá fi 400 ju ẹnìkejì lọ, 10 ni à ń retí. Bí 32 bá jẹ́ òdiwọ̀n, tí ó sì borí, 3 péré ni yóò gbà. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá nà án, 29 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A ti fẹnu kò. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìpàdé, àwọn méjèèjì yóò jà lórí ẹ̀rọ kan náà lójú gbogbo wa. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí nígbà 10 ni yóò lọ. Àga kò tó, kí oníkálukú gbé tirẹ̀ wá.